Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìbánisọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Nàìjíríà: Ìyapa Tó Yẹ Ká Tún Yẹ̀ Wò

Ìbéèrè 180 ni ẹni tó bá jókòó ṣe ìdánwò JAMB ń dáhùn. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ni 60 nínú wọn. Iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ń gba 40-40. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà, ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà àti ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ nípa ọ̀gbìn, kò sí ẹni tí 60 yìí yọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá tún wọlé tán, ẹ̀kọ́ ìlò Gẹ̀ẹ́sì á ti máa dúró dè wọ́n ní ọdún kìíní. Abájọ tí òbí fi máa ń bi ọmọ tó bá ní Gẹ̀ẹ́sì lòun fẹ́ kà pé, “Èyí tí gbogbo yín ń sọ yìí náà lo fẹ́ lọ fi ọdún mẹ́rin kọ́?” Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ ká fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ ti jìnnà síra wọn jù ní yunifásítì wa, àti pé èdè abínibí, tó yẹ kó jẹ́ okùn tó so wọ́n pọ̀, la fi sílẹ̀ lóde.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì pẹ́ tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Látìnì àti Gíríìkì ni ọ̀mọ̀wé ń kà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Ọdún 1828 ni wọ́n yan ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì sí University College ní London. Oxford kò dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ títí di àwọn ọdún 1890, Cambridge sì di 1917. Ọ̀mọ̀wé Gauri Viswanathan sọ nínú ìwé tó gbé jáde ní 1989 pé ilẹ̀ Íńdíà ni lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́, nítorí pé ó wúlò fún ìjọba amúnisìn.

Ní ìhà tiwa, Fourah Bay ní Freetown la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ. 1827 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní 1876 ó so mọ́ Yunifásítì Durham. Nígbà tí University College fi máa dé Ìbàdàn ní 1948, abẹ́ Yunifásítì London ni òun náà bọ́ sí, ìwé ẹ̀rí London ni wọ́n sì ń fún àwọn tó jáde níbẹ̀ títí di 1962. Molly Mahood ló ṣe olórí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún láàrin ìgbà náà. Akéwì J. P. Clark jáde níbẹ̀, ó sì dá ìwé àtìgbàdégbà ewì The Horn sílẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọlé Ṣóyínká ka ìwé níbẹ̀ kó tó kọjá sí Leeds ní 1954.

Ṣùgbọ́n Chinua Achebe lẹni tí ìtàn rẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ jù. Ìmọ̀ ìṣègùn ló bá lọ sí Ìbàdàn ní 1948. Ó pa á tì, ó sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Lẹ́yìn tó jáde ní 1953, tó sì ti ṣe tíṣà fúngbà díẹ̀, iléeṣẹ́ rédíò ìjọba ní Èkó ló gbà á sí iṣẹ́ ní 1954. Ẹ̀ka tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ sísọ lórí afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi í sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tún ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ tò, kó lè yọ̀ lẹ́nu ẹni tó máa kà á, kó sì wọ etí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Gbólóhùn tó gùn lórí ìwé á ní láti kúrú, kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè rí àyè mí. Ní 1956, wọ́n rán an lọ sí London láti gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ BBC. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Things Fall Apart, jáde. Ẹni tó bá ka ìfọ̀rọ̀wérọ̀ inú ìwé yẹn dáadáa á rí i pé ẹni tó kọ ọ́ ti lo etí rẹ̀ fún iṣẹ́. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ kí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà tó dá ẹ̀ka ìbánisọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ọ̀nà pín. Yunifásítì tó wà ní Nsukka dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀ ní 1961, wọ́n fi orúkọ Jackson, ẹni tó ni ìwé ìròyìn Lagos Weekly Record, pè é. Yunifásítì Èkó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1966. Ní nǹkan bí ọdún 2020, NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, tún fọ́ ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́: oyè ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ lọ́tọ̀, ti iṣẹ́ akọ̀ròyìn lọ́tọ̀, ti ìpolówó ọjà lọ́tọ̀, ti fíìmù lọ́tọ̀. Irú ìyapa yìí ti ṣẹlẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ti kúrò láàrin àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1914 láti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Mi ò sọ pé ìyapa kò ní èrè. Kámẹ́rà, òfin ìròyìn àti ìwádìí nípa àwọn olùgbọ́ nílò àkókò àti olùkọ́ tiwọn. Ohun tó dùn mí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè parí ọdún mẹ́rin láìkọ ìròyìn kan ṣoṣo, kí akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn náà sì jáde láìmọ ìdí tí gbólóhùn rẹ̀ fi wọ́. Ẹ̀ka Communication and Language Arts ní Ìbàdàn, tó pa ìwé kíkọ àti ìbánisọ̀rọ̀ pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan, fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Ní ti èdè abínibí tí mo ní a fi sílẹ̀ lóde, ẹ jẹ́ ká wo kíláàsì fonọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìró èdè, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń káwọ́ lérí. Ní Gẹ̀ẹ́sì, sílébù kan ló ń gba agbára nínú ọ̀rọ̀, ìyókù á sì rọlẹ̀. Bí agbára yìí bá wà níwájú “record”, ọ̀rọ̀ orúkọ ni; bó bá wà lẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Yorùbá kì í ṣe báyẹn. Sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Àwọn olùkọ́ kan á kàn ní kí akẹ́kọ̀ọ́ há a sórí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí àwọn ìyá wa tí kò ka ìwé ṣe ń pe tíṣà, dókítà, rédíò, kọ̀ǹpútà. Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti fi agbára sí ni wọ́n fi ohùn òkè sí: tí-, dó-, ré-, -pú-. Etí wọn ti gbọ́ ohun tí ọ̀gá ń kọ́ ní kíláàsì. Olùkọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ á rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò wá lọ́wọ́ òfo, ìyàtọ̀ “record” méjèèjì á sì tètè yé e.

Ẹ̀rí tó tóbi jù èyí wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìyókù. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ìwádìí yìí sọ fún wa pé Yorùbá kò dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ó sì yà mí lẹ́nu pé ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì kò fi bẹ́ẹ̀ kọ́gbọ́n lára rẹ̀.

Ní ti ìbánisọ̀rọ̀, onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ Frank Ugboajah ti ṣe ohun tó yẹ ká máa yìn ín fún. Láàrin àwọn ọdún 1980 ló gbé èrò “oramedia” kalẹ̀: pé ìlù, orin, ọjà, ìpàdé ìdílé àti akígbe ọba jẹ́ ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ tó ní òfin tirẹ̀, tí a kò sì gbọ́dọ̀ kà sí ohun àtijọ́ lásán. Kò sí nǹkan àjèjì níbẹ̀ fún wa. Ìwé Ìròhìn, ìwé ìròyìn tí míṣọ́nnárì Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì dara pọ̀ mọ́ ọn lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bákan náà ni Adébáyọ̀ Fálétí ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn WNTV, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, tó sì tún ń kọ ìwé Yorùbá bíi Baṣọ̀run Gáà.

Èyí ni mo fi ń dábàá iṣẹ́ kan ní ọdún kẹta, tí ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, ti ìbánisọ̀rọ̀ àti ti èdè abínibí á jọ máa kọ́. Kí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìkéde tí iléeṣẹ́ ìlera kọ ní Gẹ̀ẹ́sì nípa onígbáméjì. Kí ó sọ ọ́ di ìròyìn rédíò ìṣẹ́jú méjì ní Yorùbá, kí ó kà á síta, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ ohun tí wọ́n sọ padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì fi wé ìkéde àkọ́kọ́, láti mọ ohun tó sọnù lọ́nà. Wọ́n lè ní kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn tàbí Èkó ló jẹ́ Yorùbá. Òótọ́ ni. Kí ọmọ Ẹdó lo Ẹdó, kí ọmọ Ìgbò lo Ìgbò, kí ọmọ Haúsá lo Haúsá; àwọn tó ń sọ àwọn èdè wọ̀nyí kò wọ́n ní ọgbà yunifásítì, a sì lè pè wọ́n wá gbọ́. Kò béèrè ẹ̀rọ olówó ńlá. Fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ tó o. Ohun tó béèrè ni pé kí ẹ̀ka mẹ́ta jókòó papọ̀, kí wọ́n fẹnu kò lórí bí wọ́n á ṣe pín máàkì.