Ogún Àwọn Amòye Gíríìkì àti Àwọn Tó Jẹ Ẹ́

Àwọn òpìtàn sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa èrò àwọn Gíríìkì àtijọ́ bí ẹni pé ogún ni, tí ìran kan gbé lé ìran mìíràn lọ́wọ́ láìyingin. Àkọsílẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Àwọn tó jẹ ogún náà ṣì í lóye, wọ́n gé e kúrú, wọ́n fi ti ara wọn kún un, ibi tí wọ́n sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni ohun tuntun ti yọ jù. Ọ̀nà tí ìmọ̀ náà gbà dé ọ̀dọ̀ wọn pàápàá kò tọ́ tààrà: èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé Aristotle, tí wọ́n bí ní ọdún 384 ṣáájú ìbí Jésù, ṣàwátì ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, nígbà tí Hunayn ibn Ishaq àti ọmọ rẹ̀ ń túmọ̀ ìwé àwọn Gíríìkì sí èdè Lárúbáwá ní Bàgídádì ní ọ̀rúndún 9, tí Ibn Rushd ará Córdoba sì ń ṣàlàyé wọn ní ọ̀rúndún 12.

Nínú orin ni ẹ̀rí pé àṣìlóye a máa mú ohun tuntun wá ti hàn jù. Àwọn ọmọlẹ́yìn Pythagoras kọ́ni pé ìṣirò ló wà nídìí ohùn tó bára mu: bí a bá dá okùn ohun-èlò orin sí méjì ọgbọọgba, ìdajì rẹ̀ yóò tún ohùn odindi sọ ní ipele òkè, ìdíwọ̀n 3 sí 2 àti 4 sí 3 yóò sì mú àwọn ohùn mìíràn tó tuni lára jáde. Boethius, ará Róòmù tó gbé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 6, kó ẹ̀kọ́ yìí sínú ìwé kan lédè Látìnì, nípasẹ̀ rẹ̀ sì ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Yúróòpù fi ka orin mọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀, tí wọ́n sì gbà pé ẹni tó ń ronú lórí orin ga ju ẹni tó ń kọ ọ́ lọ, ìdájọ́ tí onílù èyíkéyìí yóò fi rẹ́rìn-ín. Ní àwọn ọdún 1570, àwọn ọ̀mọ̀wé àti olórin kan ń pàdé nílé Giovanni de' Bardi, ọ̀tọ̀kùlú kan ní Florence. Girolamo Mei, tó ń gbé ní Róòmù, kọ̀wé sí ọ̀kan nínú wọn, Vincenzo Galilei, baba Galileo onímọ̀ ìràwọ̀, pé orin ni àwọn Gíríìkì fi ń ṣe eré àjálù wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti pé gbogbo olórin wọn ló ń tẹ̀lé ohùn orin kan ṣoṣo. Galilei gbà á gbọ́, ó sì gbé ìwé kan jáde ní 1581 tó fi bẹnu àtẹ́ lu orin olóhùn púpọ̀ ìgbà rẹ̀, níbi tí ohùn kan ti máa ń bo ọ̀rọ̀ òmíràn mọ́lẹ̀. Èrò àwọn onímọ̀ lónìí ni pé àṣìṣe wà nínú ọ̀rọ̀ Mei, nítorí ẹgbẹ́ akọrin ló máa ń kọrin nínú eré Gíríìkì, tí àwọn òṣèré sì máa ń sọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn lẹ́nu lásán. Síbẹ̀ àṣìṣe yìí ló bí ópẹ́rà, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi orin ṣe látòkè délẹ̀: Jacopo Peri ṣe *Euridice* ní Florence ní 1600, Claudio Monteverdi ṣe *L'Orfeo* ní Mantua ní 1607, nígbà tó sì di 1637, ẹnikẹ́ni tó bá lówó ìwọlé lè wo ópẹ́rà ní Venice.

Ní ti ọrọ̀ ajé, gbólóhùn díẹ̀ nínú ìwé Aristotle lórí ìṣèlú ló fa awuyewuye tó gùn jù. Ó ní nítorí pàṣípààrọ̀ ọjà ni wọ́n ṣe dá owó sílẹ̀, nítorí náà kí owó máa bí owó ló lòdì sí ìṣẹ̀dá ju gbogbo ọ̀nà ìpawó yòókù lọ. Thomas Aquinas, àlùfáà ọ̀rúndún 13, fi èyí ti òfin Ìjọ Kátólíìkì lẹ́yìn, nítorí àpérò Ìjọ náà ní Lateran ní ọdún 1139 ti dá àwọn olówó èlé lẹ́bi ṣáájú. Òfin náà kò pa èlé. Ọgbọ́n ló kọ́ àwọn oníṣòwò. Àwọn ilé-ìfowópamọ́ Ítálì, ti ìdílé Medici pẹ̀lú, a máa yáni lówó ní Florence, wọn a sì gbà á padà ní London ní owó ibẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, èrè wọn a sì fara pamọ́ sínú ìṣirò pàṣípààrọ̀. Ẹni tó bá mọ ètò ìwọ̀fà nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí iṣẹ́ ìwọ̀fà lóko olówó ti dúró fún èlé, tí gbèsè fúnra rẹ̀ kò sì dín, mọ̀ pé èlé kò ní láti jẹ́ owó kí ó tó jẹ́ èlé.

Lítíréṣọ̀ Yúróòpù náà ní àṣìlóye tirẹ̀. Ní 1570, Castelvetro ará Ítálì sọ pé Aristotle pa á láṣẹ pé kí eré máa wáyé níbì kan ṣoṣo láàárín ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ Aristotle kò ṣòfin kankan nípa ibi ìṣẹ̀lẹ̀. Òfin yìí sì ni àwọn ará Faransé fi yọ Corneille, òǹkọ̀wé eré, lẹ́nu lórí eré rẹ̀ *Le Cid*.

Ogún kan náà dé ilẹ̀ Yorùbá nípasẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ń kọ́ Látìnì àti Gíríìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn láti àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, níbẹ̀ sì ni Christopher Okigbo akéwì ti gboyè nínú ẹ̀kọ́ náà. Ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́, Ọlá Rótìmí gbé *The Gods Are Not to Blame* jáde lórí ìtàgé, níbi tó ti fi ìtàn Oedipus tí Sophocles kọ ṣe ìtàn Ọdẹ́wálé, ọba tó pa baba rẹ̀ tó sì fẹ́ ìyá rẹ̀ láìmọ̀. Oríta ni Oedipus ti pa baba rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò yà fún ẹnì kejì; iṣu oko ló dá ìjà Ọdẹ́wálé sílẹ̀, èébú tí baba rẹ̀, tí kò mọ̀, bú ẹ̀yà rẹ̀ ló sì sọ ọ́ di ikú. Àyípadà yìí gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn àwọn òrìṣà, ó sì gbé e ka ìkórìíra ẹ̀yà sí ẹ̀yà. Ọwọ́ Sophocles ṣì wúwo níbì kan: Ifá a máa yan ẹbọ fún àsọtẹ́lẹ̀ búburú, ṣùgbọ́n ikú ọmọ tí àsọtẹ́lẹ̀ náà dá lé lórí nìkan ni ọ̀nà àbáyọ tí eré náà mú wá.

Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan túbọ̀ lọ jìnnà nínú eré rẹ̀ *Women of Owu*, èyí tó gbé ka eré Euripides lórí àwọn obìnrin Troy tí ogun kó lẹ́rú. Troy di Òwu, tí àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀ àti àwọn ará Ọ̀yọ́ tó ń sá fún ogun para pọ̀ pa run ní àwọn ọdún 1820. Poseidon, òrìṣà òkun, kúrò nínú rẹ̀, Anlúgbùà, baba-ńlá Òwu tó di òrìṣà, sì gba ipò rẹ̀. Ilé eré kan ní Chipping Norton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ Ọ̀ṣọ́fisan níṣẹ́ náà, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ṣe é ní 2004, tí àwọn òǹwòran ibẹ̀ gba Euripides padà pẹ̀lú orin arò Yorùbá nínú rẹ̀.