Ọmọ Tó Ń Jẹ Gààrí Nìkan

Bí ọmọ bá kọ ìkọ́kọrẹ́, tó kọ ẹ̀fọ́ àti ẹja, tó jẹ́ gààrí nìkan ló ń jẹ, a máa ń ní ìyá rẹ̀ ló kẹ́ ẹ bà jẹ́. Ẹ gbọ́ ìtàn.

Ní 1933, Dókítà Cicely Williams kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ní ilẹ̀ Gánà tó ń jẹ ẹ̀kọ àgbàdo, síbẹ̀ tí ara wọn wú: kwashiorkor nìyẹn. Ikùn lè yó kí ebi ṣì máa pa ara. Ní 1943, Dókítà Leo Kanner ní Amẹ́ríkà kọ nípa ọmọ 11 tó ní ọ́tísíìmù. Oúnjẹ jẹ́ ìṣòro fún púpọ̀ nínú wọn láti kékeré. Ní 1978, Victor Lotter kọ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà tiwa.

Nítorí náà, bí ọmọ tó ń ṣa oúnjẹ jẹ kò bá tètè sọ̀rọ̀, tí kì í wojú èèyàn, ẹ má nà án. Òórùn oúnjẹ lè ni ín lára ju tiwa lọ. Ẹ tètè mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà: àìtó fítámì A ń ba ojú jẹ́, àìtó fítámì C ń mú ìdí eyín ṣẹ̀jẹ̀. Nílé, ẹ gbé ẹja díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gààrí rẹ̀ lójoojúmọ́, láìfi tipá mú un. Díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ á mọ́ ọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín.