Kòkòrò abẹ́ òkúta: ìtàn Àkànràn tí ẹnì kankan ò kọ 🧵

1/ Tí wọ́n bá ti dárúkọ Àkànràn, Àgbẹ́kọ̀yà ló máa ń sọ sí wa lọ́kàn: Tàfá Adéoyè, owó orí, ìjà 1968 sí 1969. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìtàn mìíràn wà níbẹ̀, abẹ́ òkúta odò ló wà. Ẹ fara balẹ̀, ẹ bá mi kà á.

2/ Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a bá lọ pọnmi lẹ́yìn oko Màmá Àgbà, mo máa ń yí òkúta odò wò. Kòkòrò pẹlẹbẹ kan máa ń sá lábẹ́ ẹ̀, ìrù tín-ín-rín mẹ́ta ló ní. Yunifásítì ni mo ti wá mọ̀ pé mayfly ni Òyìnbó ń pè é.

3/ Inú omi ló ti ń lo ọ̀pọ̀ ayé ẹ̀, àwọn mìíràn á tó ọdún kan tàbí méjì. Tó bá hu ìyẹ́ tán, kì í jẹun mọ́. Á yé ẹyin, á kú, nígbà mìíràn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Aristotle ti kọ nípa kòkòrò ọlọ́jọ́ kan yìí ní ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn.

4/ Kí ló kàn wá ńbẹ̀? Atẹ́gùn inú omi ló fi ń mí. Tí ìdọ̀tí bá gba atẹ́gùn yẹn, tàbí tí májèlé wọlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Àmọ́ irú wọn ju 3,000 lọ, ara wọn ò sì le bákan náà. Torí náà, ẹ má kàn béèrè pé “ṣé ó wà?” Ẹ béèrè pé “irú mélòó ló wà?”

5/ Lọ́dún 1909 ní Jámánì, Kolkwitz àti Marsson tẹ ìwé jáde tó fi ẹ̀dá inú omi díwọ̀n bí omi ṣe mọ́ sí. Lọ́dún 1953, atẹ́gùn tán nísàlẹ̀ apá ìwọ̀ oòrùn Lake Erie ní Amẹ́ríkà, mayfly ibẹ̀ sì kú lọ rẹpẹtẹ. Ó tó nǹkan bí 40 ọdún kí wọ́n tó padà. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Wọ́n ti ń kà wọ́n tẹ́lẹ̀ ni!

6/ Ó wá kan àwa náà. Láyé tí kòkó ń pawó, Gammalin 20 ni àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sí kòkòrò tó ń ba kòkó jẹ́. Lindane ló wà nínú ẹ̀. Ó ń pa kòkòrò oko, ó ń pa ti odò. Àwọn kan tiẹ̀ ń dà á sódò láti fi pẹja. Màmá Àgbà ní tí ẹja bá ti ń léfòó, ọmọ kankan ò gbọdọ̀ sún mọ́ odò. Wọ́n rí ẹja. Ta ló ka kòkòrò?

Ọdún 2009 ni àdéhùn Stockholm tó fi lindane sára àwọn májèlé tí ayé fẹ́ pa rẹ́.

7/ Ọdún tó kọjá, mo padà sódò yẹn. Ilé ti pọ̀ lókè odò, oògùn apakoríko sì wà lóko gbogbo. Mo yí òkúta 20. Mi ò rí onírù mẹ́ta kan. Ìdin pupa ni mo rí, irú èyí tó lè gbé níbi tí atẹ́gùn ò tó.

8/ Ṣé ilé ló fà á ni, àbí oògùn? Mi ò lè búra, torí kò sí àkọsílẹ̀ kankan tí mo lè fi wé e. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Àwọn bàbá wa jà lórí owó orí, a ní ọjọ́, a ní orúkọ. Odò kú, a ò ní nǹkan kan.

9/ Torí náà mo ra ìwé kan. Ọjọ́, ibi, irú kòkòrò mélòó. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá délé, ẹ yí òkúta, ẹ ya fọ́tò, ẹ dá a padà síbi tó wà, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, pé mayfly wà nínú omi ò ní kó ṣeé mu láìsè o!

Odò wo ló wà lábúlé yín? Ẹ sọ fún mi lábẹ́ ibí 👇🏾