Omi Hó Lórí Òkè: Ìtàn Mọ́tò Gbígbóná àti Àwọn Tí Ń Wá Ìdí Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Èkìtì

Ẹni tí ó bá ní àǹfààní láti dúró níwájú ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, àgbà agbẹ́gilére, ìránṣẹ́ ààfin Arínjálẹ̀ ọba Ìsẹ̀, gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914, yóò rí i pé òyìnbó tí ó wá kí ọba nínú àwòrán náà kò fi ẹsẹ̀ rìn, kò sì gun mọ́tò; inú aṣọ tí a so mọ́ igi ni ó jókòó sí, tí àwọn aláàárù gbé e rù. Ọ̀gágun Ambrose ni àwọn onímọ̀ ìtàn ń pe òyìnbó náà. Ilẹ̀kùn yìí rin ìrìn àjò tí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ kò rìn: wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley ní ọdún 1924, ó sì di ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù, tí Ògògà sì gba ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ wọn fi ṣe pàṣípààrọ̀. Àwọn ẹlòmíràn lè máa jiyàn bóyá pàṣípààrọ̀ náà dọ́gba. Èmi gbà pé Ògògà ni ó pàdánù. Ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ ọnà náà sọ fún ẹni tí ó ń wá ìtàn mọ́tò ni pé kí ẹ́ńjìnnì tó dé ilẹ̀ Èkìtì, ilé iyì, ilé ẹ̀yẹ, ọrùn ènìyàn ni ẹ́ńjìnnì, òógùn ara ni omi tí ń mú un tutù, ẹni tí ó bá sì gbóná jù, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni yóò jókòó sí kí ara rẹ̀ tó balẹ̀.

Reluwé wọ Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì fi Èkìtì sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Orí ni kòkó àti èkùrọ́ fi ń rìn lọ bá ojú irin, títí tí ọ̀nà mọ́tò fi wọ àárín àwọn òkè wa. Lára àwọn mọ́tò àtijọ́ tí ó gba etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wọlé ni Ford tí wọ́n ń pè ní Model T, èyí tí Henry Ford ṣe láti 1908 títí di 1927, tí iye rẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ó sì yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí mọ́tò àtijọ́ fi ń hó kọ́kọ́ mọ bí a ti ṣe é. Yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, Model T kò ní pọ́ọ̀ǹpù omi. Omi tí ó gbóná nínú ẹ́ńjìnnì ń gòkè lọ sínú rédíétọ̀ fúnra rẹ̀ nítorí pé ó fúyẹ́, èyí tí ó tutù sì ń sọ̀ kalẹ̀ wá rọ́pò rẹ̀, láìsí ẹni tí ó ń tì wọ́n. Ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ètò yìí tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí ó ti Iléṣà gun òkè lọ sí Ẹfọ̀n-Aláayè, níbi tí ọ̀nà ti ń kọ́rọ̀ sọ́tùn-ún tí ó ń kọ́rọ̀ sósì kí ó tó gòkè dé ìlú Aláayè, yóò mọ̀ pé ibẹ̀ ni a ti ń dá ọmọkùnrin mọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ agbára, mọ́tò kò sì sáré, afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó fẹ́ lu rédíétọ̀ kò tó. Bí omi bá sì ti ń hó, ńṣe ni ó ń dínkù, ohun tí ó bá kù a sì tún yára gbóná jù ti ìṣáájú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gíga ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í ran omi lọ́wọ́, nítorí pé omi tí ń hó ní ìwọ̀n 100 ti Celsius ní etíkun ti ń hó ní ìwọ̀n kan dín sí i ní gbogbo 300 mítà tí ènìyàn bá gòkè.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn lọ́rì tí a fi pákó kan ilé sí lẹ́yìn dé, Austin, Morris, àti Bedford tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1931, àwọn tí a ń pè ní bọ̀lẹ́kájà. Kò sí èyí tí kò ní ọmọ ọkọ̀. Iṣẹ́ méjì ni ọmọ náà ní ní ilẹ̀ Èkìtì tí kò ní ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ: bí lọ́rì bá fẹ́ yí padà sẹ́yìn lórí òkè, òun ni yóò bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú igi ńlá kan láti fi dí ẹ̀yìn táyà, bí èéfín bá sì ń rú níwájú, òun náà ni yóò gbé garawa sáré lọ sí odò. Mo gbà pé láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yìí, tí wọ́n mọ gbogbo odò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní orúkọ, ni iṣẹ́ mẹkáníìkì ti bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò wa, kì í ṣe láti inú ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Ẹni tí ó ti pọn omi fún ẹ́ńjìnnì fún ọdún púpọ̀ kò lè ṣàìbi ara rẹ̀ léèrè ibi tí omi náà ń lọ.

Ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó ń ná àwọn tí kò gbọ́ ọ ní ojú àti ọwọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tí ó bá yára ṣí ìdérí rédíétọ̀ tí omi ń hó nínú rẹ̀, omi náà yóò fò mọ́ ọn lójú, nítorí pé ìdérí náà ni ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí kò jẹ́ kí ó hó tó bí ó ti fẹ́. Ẹni tí ó bá da omi odò tútù sórí irin gbígbóná, irin náà lè là. Àgbà dẹ́rẹ́bà máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi títí tí ọwọ́ fi lè gbà á, yóò fi àkísà bo ìdérí, yóò yí i díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó há sínú rẹ̀ lè jáde, lẹ́yìn náà ni yóò tó ṣí i tán.

Ọgbọ́n yìí kò mọ sí ojú ọ̀nà Ẹfọ̀n nìkan. Ìsinbọ̀dé-Èkìtì wà ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Ọmùò àti Ìlasà. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, tí gáréèjì ńlá kò sí nítòsí, mẹkáníìkì kò lè máa tú ẹ́ńjìnnì fún eré. Ó ní láti mọ ohun tí ń ṣe mọ́tò kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀tì kankan. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn ọ̀gá àtijọ́ máa ń bi dẹ́rẹ́bà kò ju èyí lọ: "Níbo ni ó ti gbóná?" Bí dẹ́rẹ́bà bá wí pé àárín ọjà ni, níbi tí ọkọ̀ kò ti rìn, tí ó sì tutù nígbà tí ó bọ́ sí òpópó, ọ̀gá yóò wo fáànù àti bẹ́líìtì rẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ ni kò tó. Bí ó bá jẹ́ lórí òkè tàbí níbi eré sísá ni ó ti gbóná, tí kò gbóná nígbà tí ó dúró, omi ni kò rìn dáadáa: rédíétọ̀ ti dí, tàbí pọ́ọ̀ǹpù ti jẹ, tàbí ọ̀pá rọ́bà ìsàlẹ̀ ń fà mọ́ra nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sáré. Bí ó bá jẹ́ pé kò pẹ́ tí wọ́n tan iná sí i ni ó gbóná, tí ẹ́ńjìnnì gbóná tí rédíétọ̀ sì tutù, tẹ́mósítáàtì, ẹ̀rọ kékeré tí ń ṣí ọ̀nà fún omi lọ sí rédíétọ̀, ni kò ṣí mọ́. Bí omi bá sì ń dínkù láìsí ibi tí ó ń jò, tí ìfófó ń jáde nínú rédíétọ̀ bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, tí ọ́ìlì sì di funfun bí ògì, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti là, owó sì ti dé ojú ọ̀nà. Mo rò pé ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ni ó dára jù nínú gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn wa fi kún ìmọ̀ mọ́tò.

Ọwọ́ àti imú ni irinṣẹ́ àwọn ọ̀gá náà. Wọ́n á fọwọ́ kan ojú rédíétọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láti mọ ibi tí ó tutù, níbi tí erùpẹ̀ ti dí i. Omi odò tí ó pupa ní ìgbà òjò, tí ọmọ ọkọ̀ kò sẹ́, máa ń fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ sínú àwọn ihò rẹ̀ ní ọdọọdún. Àwọn tí ń jó rédíétọ̀ máa ń tú u, wọ́n á fi ọ̀pá gún ihò rẹ̀, wọ́n á sì fi léèdì di ibi tí ó jò, nítorí pé bàbà ni wọ́n fi ṣe é nígbà náà.

Ti tẹ́mósítáàtì ni ó mú àríyànjiyàn wá. Ẹ̀rọ kékeré yìí kì í jẹ́ kí omi lọ sí rédíétọ̀ títí tí ẹ́ńjìnnì fi gbóná tó bí ó ti yẹ, nǹkan bí 80 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mẹkáníìkì wa wò ó, wọ́n ní ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n sì yọ ọ́ jù sí akitan, ìyẹn sì di àṣà láti Èkó dé Òkè-Ọ̀yà. Òdodo wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó ń jẹ epo jù, ọ́ìlì rẹ̀ kì í sì mọ́. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan pàápàá, bí a bá yọ ọ́, omi yóò gba ọ̀nà ẹ̀bùrú padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀, tí ọkọ̀ tí a fẹ́ kí ó tutù yóò sì máa gbóná lórí òkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ní Kàdúná, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Èkó. Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá kò mu omi rárá. Afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń tù ú lára, ọmọ ọkọ̀ kò sì ní garawa láti gbé. Peugeot ni ó kọ́ àwọn mẹkáníìkì ní ọgbọ́n tuntun, nítorí fáànù rẹ̀ kì í yí nígbà gbogbo: iná mànàmáná ni ó máa ń fà á mọ́ra nígbà tí omi bá gbóná, bí kábọ́ọ̀nù kékeré tí ń gbé iná fún un bá sì jẹ tán, fáànù yóò máa fara hàn bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́, kò sì ní fẹ́ afẹ́fẹ́ tó. Ẹni tí kò bi dẹ́rẹ́bà pé níbo ni ó ti gbóná yóò pààrọ̀ rédíétọ̀ lásán. Orí ẹ́ńjìnnì Peugeot náà sì jẹ́ alumíníọ̀mù. Bí a bá jẹ́ kí ó hó títí, yóò tẹ̀, àwọn tí ń fá tọ́ọ̀pù ni yóò sì jèrè.

Àwọn ọkọ̀ eré àtijọ́, MG àti Triumph àti Jaguar, tí àwọn tó ti òkè òkun dé gbé bọ̀ nígbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn olówó kan sì tún ń tún ṣe lónìí, ń jìyà ooru Èrèlé àti Ẹrẹ́nà ju lọ́rì lọ. Ìlú tútù ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Imú wọn kéré, iwájú wọn sì súnmọ́ ilẹ̀, ooru kò rí ibi jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹni tí ó bá sì gbé ọ̀kan nínú wọn lọ bá mẹkáníìkì tí kò tíì fojú rí irú rẹ̀ rí kò ní láti bẹ̀rù, bí mẹkáníìkì náà bá mọ ìbéèrè tí àwọn ọmọ ọkọ̀ Ẹfọ̀n kọ́ nídìí garawa: bí ó bá gbóná nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìkẹjà tí kò gbóná ní òpópó Ìbàdàn, fáànù ni kí ó wò, rédíétọ̀ kò jẹ̀bi.