Èkùrọ́, Òróró àti Oúnjẹ Ilẹ̀

Àwọn baba wa a máa wí pé èkùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èkùrọ́ ní alábàákú mìíràn tí a kì í sábà dárúkọ: ilẹ̀ tí ọ̀pẹ ti hù. Bí àwọn méjèèjì ṣe pínyà, àti bí a ṣe lè so wọ́n pọ̀ padà, ni ìtàn tí mo mú wá lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Festac ní Èkó. Nítorí àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, tí a ṣe láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ni ìjọba fi kọ́ ìlú náà, kí àwọn àlejò lè rí ibi wọ̀ sí. Nígbà tí àlejò lọ tán, àwọn ará Èkó kó wọ inú ilé wọ̀nyí. Ilé dára, òpópó sì gún régé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ oko. Àbàtà àti ọ̀sà ni ó pọ̀ ní agbègbè Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, yanrìn sì pọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sórí yanrìn, a máa fọ oúnjẹ ọ̀gbìn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ewédú tàbí ata sí ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀, àfi kí ó po iyẹ̀pẹ̀ tirẹ̀ sínú ìkòkò, sínú àpò, tàbí sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti là. Níbo ni yóò ti rí oúnjẹ fún iyẹ̀pẹ̀ náà?

Oúnjẹ náà ti gba ẹ̀bá ibẹ̀ kọjá rí, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé sí Festac. Lórí ọ̀sà tó ti Àgbádárìgì wá sí Èkó ni àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé epo àti èkùrọ́ lọ sí èbúté ní ayé àtijọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, epo pupa ni àwọn òyìnbó ń wá. Nígbà tó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra èkùrọ́ pẹ̀lú, kí wọ́n lè fi òróró rẹ̀ ṣe ọṣẹ. Àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé ni ó jókòó ti òkúta, tí wọ́n ń pa èkùrọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1913, èkùrọ́ tó kúrò ní Nàìjíríà lé ní 170,000 tọ́ọ̀nù.

Ìlú Hamburg ní Jámánì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ. Gaiser, oníṣòwò ará Hamburg tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Èkó, ní ilé ìfúnróró ní Harburg, lẹ́bàá Hamburg. Òróró ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ àti bọ́tà àfọwọ́ṣe. Ìyókù tó gbẹ, èyí tí a ti fún òróró kúrò lára rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ Jámánì fi ń bọ́ màlúù oníwàrà. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914, tí ọ̀nà Hamburg sì dí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní láti rọ àwọn àgbẹ̀ tiwọn kí wọ́n máa fi ìyókù náà bọ́ ẹran, nítorí kò mọ́ wọn lára.

Ẹ fi etí sí ibi tí mo ń lọ. Inú afẹ́fẹ́ àti omi ni ọ̀pẹ ti ń rí ohun tó fi ń ṣe òróró. Ẹni tó ta òróró nìkan kò gba nǹkan lọ́wọ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni ọ̀pẹ ti ń fa náítírójìn, èròjà tí ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, ó sì wà nínú ìyókù náà digbí. Nǹkan bí ìdajì èkùrọ́ ni òróró, ìdajì kejì ni ìyókù. Nínú 100 kílò ìyókù, náítírójìn tó bíi kílò méjì ààbọ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ní ọdún 1913 nìkan, náítírójìn tó bá èkùrọ́ wa rékọjá òkun lé ní 2,000 tọ́ọ̀nù. A gba owó èkùrọ́. Kò sí ẹni tó san owó ilẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ayé ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1895, àwọn ará Japan ń ra ìyókù ẹ̀wà sóyà rẹpẹtẹ láti Manchuria ní Ṣáínà, wọ́n sì ń dà á sí oko wọn. Àwọn àgbẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà náà ń fi ìyókù kóró òwú ṣe ajílẹ̀.

Lónìí, ilé ìfúnróró wà nílé wa, a sì ń fi ìyókù èkùrọ́ bọ́ adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ a sì máa dé oko ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní adìẹ lè bu ìyókù náà sínú iyẹ̀pẹ̀ tààrà.

Ẹ bu ilẹ̀dú òṣùwọ̀n méjì, yanrìn òṣùwọ̀n kan, àti ewé tó ti jẹrà òṣùwọ̀n kan. Sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó gba omi lítà mẹ́wàá, ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta ìyókù èkùrọ́ tí a ti gún, tàbí ẹ̀kúnwọ́ kan péré bó bá jẹ́ ìyókù ẹ̀pà, nítorí náítírójìn tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Kúlíkúlí tó ní iyọ̀ kò dára fún un. Ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ bò ó, kí ẹ sì dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí ni ìdúró wà fún? Gbòǹgbò kò lè jẹ ìyókù náà bó ti wà. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú lásán kò rí ni ó ń jẹ ẹ́ kí ó tó di oúnjẹ ọ̀gbìn. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́, iyẹ̀pẹ̀ a máa gbóná. Mo ti kánjú rí. Mo bu ìyókù ẹ̀pà kún ìkòkò, mo sì lọ́ tòmátò sí i lọ́jọ́ kan náà. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ìkòkò ń rùn, èèrà bò ó, tòmátò mi sì ti kú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ sùúrù.

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, bí ẹ bá tún rí ẹni tó ń pa èkùrọ́, ẹ rántí pé ohun méjì ni ó wà nínú kóró kékeré náà. Òróró jẹ́ ti ọjà. Ìyókù jẹ́ ti ilẹ̀. Bí a bá rí i, ẹ jẹ́ kí a dá a padà fún olówó rẹ̀.