Ikú Dúdú Ọdún 1348 àti Àbùdá Ààbò Ara: Àyẹ̀wò Ẹ̀rí láti Ilẹ̀ Ìsìnkú Kan ní Lọ́ńdọ̀nù

Ìfáàrà

Ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ jáde nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde: bí àbùdá S bá burú tó báyìí, kí ni ó dé tí kò fi tán láàrin wa? Ìdáhùn rẹ̀ ti wà láti ọdún 1954, nígbà tí Anthony Allison fi hàn, nínú iṣẹ́ tí ó ṣe ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, pé kòkòrò ibà kì í sábà wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí ó jẹ́ AS tó bí ó ti máa ń wà nínú ti àwọn AA. Ibà ni ó ń dá àbùdá náà sí. Ẹni tí ó jogún ẹyọ kan jèrè. Ẹni tí ó jogún méjì ni ó ń san gbèsè.

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Ǹjẹ́ àjàkálẹ̀ àrùn tí ó jà ní Yúróòpù ní ọ̀rúndún kẹrìnlá ni ó mú kí àbùdá kan gbilẹ̀, èyí tí ó ń kó àìsàn bá àwọn kan lónìí? Àwọn onímọ̀ kan ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Èrò tiwa ni pé ẹ̀rí wọn kò tíì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ bíi ti Allison, ó sì yẹ kí olùkọ́ mọ ibi tí ó kù sí.

Ilẹ̀ ìsìnkú East Smithfield

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1347, ọkọ̀ ojú omi láti ìhà Òkun Dúdú gbé àrùn náà dé Messina ní erékùṣù Sísílì. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó ti wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òpìtàn gbà pé láàrin ọdún mélòó kan, ó pa tó ìdá 30 sí 50 nínú 100 àwọn ènìyàn Yúróòpù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọgbà ìsìnkú àwọn ìjọ kò gba òkú mọ́, ni wọ́n bá la ilẹ̀ tuntun ní East Smithfield, nítòsí ilé-ìṣọ́ ọba, wọ́n sì to òkú lé òkú nínú kòtò gígùn. (Àrùn kan náà yìí jà ní Èkó láti ọdún 1924, ṣùgbọ́n ìyẹn yẹ ní iṣẹ́ tirẹ̀.)

Àwọn awalẹ̀pìtàn wa ilẹ̀ náà láti ọdún 1986 sí 1988. Ní ọdún 2011, láti inú eyín àwọn òkú ibẹ̀, àwọn onímọ̀ ṣàtúntò àbùdá kòkòrò Yersinia pestis, iyèméjì nípa ohun tí ó pa wọ́n sì tán.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Jennifer Klunk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature. Wọ́n yẹ DNA òkú 206 wò, láti Lọ́ńdọ̀nù àti Dẹ́ńmáàkì: àwọn tí ó kú ṣáájú àjàkálẹ̀ náà, àwọn tí ó kú nígbà rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àti àwọn tí ó kú lẹ́yìn rẹ̀. Jíìnì tí ó gba àfiyèsí wọn jù ni ERAP2. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pèsè èròjà tí ń gé àjákù ara kòkòrò àrùn sí wẹ́wẹ́, kí sẹ́ẹ̀lì lè pàtẹ rẹ̀ síta fún àwọn ọmọ ogun ara láti dá ọ̀tá mọ̀. Oríṣi ERAP2 kan ń pèsè èròjà náà bí ó ti yẹ. Èkejì kò pèsè rẹ̀ pé. Wọ́n ní èyí tí ó pé ni ó pọ̀ sí i lẹ́yìn àjàkálẹ̀ náà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ẹni tí ó ní ẹ̀dà rẹ̀ méjì fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ní àǹfààní àti là á já ju ẹni tí kò ní ìkankan lọ. Nígbà tí wọ́n sì kó kòkòrò náà ran sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbà lára àwọn alààyè, sẹ́ẹ̀lì àwọn tí ERAP2 wọn pé ni ó pa á jù.

Ẹni tí a ní kó kín-ni lẹ́yìn

Oríṣi ERAP2 tí ó pé yìí kan náà ni ó ń mú kí ewu àrùn Crohn pọ̀ sí i. Àrùn tí a fi orúkọ Burrill Crohn pè yìí, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàpèjúwe ní ọdún 1932, jẹ́ èyí tí ọmọ ogun ara ń bá ìfun ara ẹni jà: inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, rírù, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí a ní kó kín-ni lẹ́yìn ni ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ìtàn náà dùn, adùn rẹ̀ gan-an ni ó sì yẹ kí ó mú wa ṣọ́ra. Lọ́nà kìíní, àjàkálẹ̀ kì í dá àbùdá sílẹ̀, ṣíṣà ni ó ń ṣà á. Oríṣi ERAP2 méjèèjì ti wà lára ènìyàn tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ọdún 1348. Lọ́nà kejì, àrùn Crohn pọ̀ sí i gidigidi ní ọ̀rúndún ogún ní àwọn ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí. Àbùdá kì í yí padà kíákíá bẹ́ẹ̀, nítorí náà oúnjẹ àti ìgbé-ayé ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìṣirò. Ní ọdún 2023, Alison Barton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún iṣẹ́ Klunk yẹ̀ wò, wọ́n ní ẹ̀rí inú rẹ̀ kò tó láti fi sọ pé àjàkálẹ̀ náà ni ó ṣa àbùdá kankan. Ní ọdún 2024, Ruoyun Hui àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé DNA òkú 275 jáde láti agbègbè Cambridge, ṣáájú àjàkálẹ̀ náà àti lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò rí i pé àwọn jíìnì ààbò ara yàtọ̀ láàrin ìgbà méjèèjì ju bí àwọn yòókù ti yàtọ̀ lọ.

Egungun pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó sì yà wá lẹ́nu pé a kì í sábà fi í kún àlàyé. Ní ọdún 2008, Sharon DeWitte àti James Wood yẹ egungun East Smithfield kan náà wò. Wọ́n rí i pé àwọn tí ara wọn ti gbẹgẹ́ ṣáájú, tí àmì àìlera ti wà lára egungun wọn, ni àrùn náà ń mú lọ jù. Ìyàn ńlá sì ti mú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1315 sí 1317. Àwọn tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ikú náà dé. Bí ebi bá ti yan lára àwọn tí yóò kú, iye ẹ̀rí tí a nílò kí a tó lè ka àyànṣe náà sí jíìnì lọ́rùn yóò pọ̀ ju òkú 206 lọ. Allison ní àwọn ọmọ alààyè tí ó lè gba ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ní ibi tí ibà ṣì ń jà lójoojúmọ́. Eyín àti egungun nìkan ni ó wà lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣèwádìí nípa ọdún 1348.