Ta Ló Ni Afẹ́fẹ́ Inú Ọkọ̀?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ooru mú, àbí? Bí iná bá lọ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹní la máa ń gbé jáde síta. Àwọn atukọ̀ ayé àtijọ́ náà ní ọgbọ́n tiwọn. Bí ọkọ̀ onígbòkun bá dé agbègbè tí oòrùn ti mú, wọn a ta aṣọ bo òkè ọkọ̀ kí ó lè ṣe ìbòji. Wọn a tún rán aṣọ gígùn kan bí àpò tí kò nídìí, wọn a so ó rọ̀, ẹnu rẹ̀ á kọjú sí atẹ́gùn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wọ inú ọkọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn ṣe ń dé ìsàlẹ̀.

Àmọ́, ta ni atẹ́gùn yìí ń fẹ́ sí? Alexander Falconbridge, dókítà tó bá ọkọ̀ ẹrú rìn, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1788 pé bí òjò bá dé, tí omi òkun bá ń ru, ṣe ni wọ́n ń ti ihò afẹ́fẹ́ pa mọ́ àwọn ẹrú. Ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ló ń tẹ̀lé e.

Àjàyí ọmọ Òṣogùn, tí a wá mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther, mọ ooru yìí kí ó tó wọ ọkọ̀ rárá. Ó ròyìn yàrá tí wọ́n há wọn mọ́ ní Èkó: ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, wọ́n sì ń tì í, àlàfo abẹ́ òrùlé nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ní April 1822 ni wọ́n kó o sọ́kọ̀, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n sílẹ̀.

Ẹ wá wo ayé! Ní 1841, Crowther yìí kan náà bá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta wọ Odò Ọya. Dókítà David Boswell Reid ti ṣe ẹ̀rọ sínú wọn: fáànù ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú páìpù lọ sí yàrá, àpótí onírin kan tó ní oògùn nínú á sì fọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n gbà pé afẹ́fẹ́ burúkú ló ń fa ibà. Síbẹ̀, nínú òyìnbó bíi 145, nǹkan bí 40 ni ibà pa. Ẹ̀fọn ni ọ̀tá, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà lára ẹ̀fọn. Kuníìnì ló ṣiṣẹ́: ní 1854, gbogbo òyìnbó inú ọkọ̀ Pleiad ló padà láàyè láti odò náà. Crowther wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

N kò fi òkú òyìnbó ṣẹ̀sín o. Ṣùgbọ́n ìwé ka tiwọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ. Àwọn tí èémí pin mọ́ nísàlẹ̀ ọkọ̀ ẹrú ńkọ́? Ẹ̀yin akéwì ẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá fẹ́ kọ ewì nípa ooru, ẹ jọ̀ọ́, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.